Pe Ariwo Lórúkọ: Bí Mo Ṣe Wádìí Ìró Sítíárì Ọkọ̀ Mi Nílé

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí èmi jìn sí kì í ṣe èyí tó wà lójú títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ kò wọ́n láàrin Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Inú etí mi ni kòtò tèmi wà. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Fonẹ́tíìkì àti fonọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún pípẹ́ wá, mo sì máa ń tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé ẹni tí kò bá lè ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà kò tíì ṣetán láti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní Yorùbá. Síbẹ̀, odidi oṣù mẹ́ta ni ọkọ̀ tí mo ń wà fi bá mi sọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ ohun tó ń wí. Nígbà tí mo máa fi gbọ́, ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: a gbọ́dọ̀ pe ariwo lórúkọ kí a tó gbé sípánà. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wa ọkọ̀ tòkunbọ̀ bíi tèmi. Mo sì kọ ọ́ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì ní kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ìró Tí Mo Fi Rédíò Bò Mọ́lẹ̀

Ilẹ̀ Ajerò, ilẹ̀ Alárá àti ilẹ̀ Aláayè ni mo máa ń ná nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ìjerò ni mo ń gbé. Bí mo bá jáde láàárọ̀, mo lè fi ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Arámọ̀kọ bẹ̀rẹ̀ àbẹ̀wò mi, kí n sì parí rẹ̀ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tó bá mọ agbègbè yìí mọ̀ pé orí òkè ni Ẹ̀fọ̀n jókòó lé. Ọ̀nà ibẹ̀ a máa gòkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, a sì máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ní ìhà Ìjerò ẹ̀wẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti ibi ìwakùsà bọ̀ máa ń bá wa du ojú títì. Irú ọ̀nà báyìí kò fẹ́ ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ ń ṣe ségesège.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti di ẹrù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá gbé. Nítorí náà, bí ọ̀nà èmi àti àwọn kan nínú wọn bá pa pọ̀, mo máa ń gbé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ti padà dun ni.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni ìró náà bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá yí sítíárì láti jáde nínú ọgbà láàárọ̀, ọkọ̀ á kùn. Bí mo bá bọ́ sí kòtò lójú ọ̀nà, nǹkan á kan nǹkan lábẹ́. Kí ni mo ṣe? Mo yí rédíò sókè. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tí a kò fẹ́ gbọ́.

Nígbà tí ìró náà borí rédíò, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ló ń ṣe ọkọ̀ yín?" Mo ní, "Ó ń pariwo ni." Ó tẹ́tí, ó gbọ́ kíkùn, ó ní pọ́ǹpù sítíárì ló ti kú. A ra pọ́ǹpù àlòkù mìíràn, a pààrọ̀ rẹ̀. Ariwo kò lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ bá ẹlòmíràn. Mo tún ní, "Ó ń pariwo ni." Èyí mi táyà, ó ní lìńkéèjì ni. A pààrọ̀ lìńkéèjì méjèèjì. Ariwo rọlẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó sì tún padà. N kò dá àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì lẹ́bi. Bí aláìsàn bá dé iwájú oníṣègùn, tó sọ pé "ara mi kò yá" tó sì pa ẹnu dé, ewé wo ni oníṣègùn yóò já?

Ìbéèrè Mẹ́rin

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ awakọ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi apá òsì ojú títì sílẹ̀ tí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Nígbà tó di awakọ̀ gan-an, Peugeot 504 ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ó máa ń sọ pé sítíárì àwọn ọkọ̀ tí òun wà nígbà náà kò ní ọ́ìlì kankan: apá awakọ̀ ni ọ́ìlì rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ń kọjá níwájú ilé rẹ̀, ó nawọ́ dá mi dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kí i. Ó ní, "Olùkọ́, ọkọ̀ rẹ ń sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Bàbá, ariwo ló ń pa o. Ó sì ti jẹ mí lówó."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ariwo wo? Ìwọ tí o ń kọ́ ọmọ lédè, o kò lè pe ariwo lórúkọ?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó dùn mí jù lọ. Bàbá kò dúró kí n wá àwáwí. Ìbéèrè mẹ́rin ló bi mí léraléra. Èkíní: ìgbà wo ló ń dún? Ṣé àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni àbí ọ̀sán? Ṣé ìgbà tí ọkọ̀ dúró ni àbí ìgbà tó ń lọ? Ṣé bí mo bá ń yí sítíárì ni àbí bí ọ̀nà bá gún? Èkejì: ibo ló ti ń wá? Ṣé iwájú lápá ọ̀tún ni, tàbí apá òsì, tàbí ìdí ẹ́ńjìnnì, tàbí ibi ẹsẹ̀ awakọ̀? Ẹ̀kẹta: kí ló ń mú un pọ̀, kí ló sì ń mú un dákẹ́? Ẹ̀kẹrin: irú ohùn wo ni?

N kò rí ọ̀kan dáhùn dáadáa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá ní kí n gbé ọkọ̀ náà wọlé jẹ́jẹ́, kí n má gbé e jáde mọ́, kí n sì mú ìwé àti kálàmù dání láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ń bọ̀. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà; ṣùgbọ́n èmi, ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè ni ó ṣìnà.

Ohùn Òkè àti Ohùn Ìsàlẹ̀ Lábẹ́ Ọkọ̀

Kí n tó sọ ohun tí a rí, ó yẹ kí n ṣàlàyé ní ṣókí bí sítíárì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá irin kan ti ìdí sítíárì sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń pè ní ráàkì. Ráàkì jẹ́ irin eléyín tó dùbúlẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Bí awakọ̀ bá yí sítíárì, irin eléyín yìí á sún sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ní orí rẹ̀ méjèèjì ni táì-ròòdù wà, òun ló ń fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ tàbí tì í. Orí táì-ròòdù rí roboto, ó sì wà nínú ihò tó bá a mu, gẹ́gẹ́ bí orí egungun itan ṣe wà nínú ihò ìbàdí. Rọ́bà ló bo oríkèé náà kí gírísì má bàa jáde, kí iyanrìn má sì wọlé.

Táyà iwájú méjèèjì kì í yí dọ́gba nígbà tí a bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Èyí tó wà ní inú kọ́nà gbọ́dọ̀ yí ju ti ìta lọ, nítorí pé ọ̀nà tí tirẹ̀ kúrú. Georg Lankensperger, ará Jámánì, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí 1817 fún kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà; Rudolph Ackermann sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1818. Ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù kò tíì dé ayé nígbà náà. Ní ti ọ́ìlì tó ń bá awakọ̀ yí sítíárì, ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ ìdílé tí wọ́n tà lọ́jà ní 1951. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ló sì ń ti ọ́ìlì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, mọ́tò iná ló ti gba ipò ọ́ìlì. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kí ó má wá ike ọ́ìlì sítíárì kiri.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìró. Àwa olùkọ́ mọ̀ pé èdè wa ní àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ń fi ìró yàwòrán, a sì mọ̀ pé ohùn orí wọn kì í ṣe lásán. Ohun tó rí ríbítí kéré, èyí tó rí rìbìtì tóbi. Ohùn òkè ń bá ohun kékeré àti ohun fífúyẹ́ lọ, ohùn ìsàlẹ̀ ń bá ohun ńlá àti ohun wíwúwo lọ. N kò mọye ìgbà tí mo ti kọ èyí sójú pátákó. Àmọ́ lẹ́nu awakọ̀ yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́. Ó ní, "Ṣé kó ló ń dún ni àbí gbì? Bí ó bá dún kó, wá oríkèé kékeré. Bí ó bá dún gbì, wá ohun tó wúwo." Mo ṣí ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí.

Bí ó bá ń kùn hùn-ùn nígbà tí a bá ń yí sítíárì, pàápàá láàárọ̀ tàbí nígbà tí ọkọ̀ kò sáré, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni: ó lè ti dín kù, atẹ́gùn lè ti wọ inú rẹ̀, tàbí kí pọ́ǹpù ti gbó. Bí a bá yí sítíárì débi tí kò lè yí mọ́, kíkùn díẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n kí a má dì í mú níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ.

Bí ó bá han fíì, tí ohùn náà mú ṣáṣá, bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Ó ti gbó, tàbí kò le tó.

Bí ó bá ń dún kó, kó, lórí ọ̀nà tí kò tẹ́jú, oríkèé kékeré kan ti ń mì nínú ihò rẹ̀: orí táì-ròòdù, lìńkéèjì, tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó.

Bí ó bá ń dún gbì, gbì, nígbà tí a bá tẹ bírèkì tàbí tí a bọ́ sí kòtò, búṣìn apá ọkọ̀ tàbí orí ṣọ́ọ̀kì ni ká yẹ̀ wò.

Bí ó bá ń ta tá-tá-tá-tá nígbà tí a yí sítíárì dé òpin tí a sì ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀, oríkèé ṣáàfùtì ni. Ìró yìí ń yára bí ọkọ̀ bá ṣe ń yára.

Bí ó bá ń dún kẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn àtijọ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan tí a ń yí sítíárì, oríkèé kan ti gbẹ, tàbí kí béárìn orí ṣọ́ọ̀kì ti bàjẹ́.

Bí ó bá ń hó wùù, tó ń pọ̀ sí i bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, tó sì ń yí padà bí a bá ṣẹ́ kọ́nà, béárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Èyí kì í ṣe sítíárì rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ awakọ̀ ló ti ń mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ojú mi ń là. Ìró méjì ni mo ti ń pè ní ariwo kan. Ọkọ̀ mi ń kùn hùn-ùn láàárọ̀. Ó sì ń dún kó, kó, nínú kòtò. Àìsàn méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Abájọ tí àtúnṣe méjèèjì kò fi yanjú nǹkan.

Ọwọ́ Ni Ẹlẹ́rìí

Bàbá kìlọ̀ fún mi pé etí lè tan ni, nítorí irin a máa gbé ìró láti ibìkan lọ síbòmíràn. Etí ló ń fi ẹ̀sùn kàn, ọwọ́ ló ń jẹ́rìí. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni a gbé ọkọ̀ sí, a fa bírèkì ọwọ́, a fi òkúta há ẹ̀yìn àti iwájú táyà ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin mi jókòó sídìí sítíárì.

Kíkùn la kọ́kọ́ mú. Mo ní kí ọmọ náà ṣáná sí ọkọ̀, kí ó máa yí sítíárì díẹ̀díẹ̀. Mo ṣí ike ọ́ìlì. Ọ́ìlì pupa tó yẹ kó mọ́ kedere ń hó bí ẹmu àárọ̀. Ìfófòó yẹn ni Bàbá nawọ́ sí. "Atẹ́gùn ló ń mu. Níbo ló ti ń mu ún?" A tọ rọ́bà tó ti inú ike lọ sí pọ́ǹpù. Kílíìpù ìdí rẹ̀ kò le. Mo fi ọwọ́ lásán yí i. Pọ́ǹpù tuntun tí mo ra ń fa atẹ́gùn gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń fà á. Ó ṣeé ṣe kí ti àkọ́kọ́ má tíì kú rárá.

Ó kan kó, kó. A pa ẹ́ńjìnnì, a fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ipò tí sítíárì kò fi ní há. Mo ní, "Máa mì í sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ." Ọmọ náà ní, "Bàbá mi, ṣé báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi na ọwọ́ láti ẹ̀yìn táyà, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ní apá òsì, gbogbo rẹ̀ jọ ń lọ, ó jọ ń bọ̀. Ní apá ọ̀tún, mo gbọ́ ọ nínú ọwọ́ mi kí n tó gbọ́ ọ létí: táì-ròòdù ti lọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò tíì tẹ̀ lé e. Kó.

A fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, a sì fi irin ìgbékà gbè é lẹ́yìn kí a tó sún mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi orí ara yín sábẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì kì í sọ kó tó yẹ̀. Mo di táyà mú níbi tí 9 àti 3 wà lójú aago, mo mì í: ó ń ṣe pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀. Mo dì í mú níbi tí 12 àti 6 wà: ó dúró gírígírí. Bí ti òkè òun ìsàlẹ̀ bá mì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì tàbí béárìn la bá fura sí. Ti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ló mì, táì-ròòdù sì ni ìyẹn.

Bàbá tú u. Rọ́bà rẹ̀ ti ya, iyanrìn ti dípò gírísì. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka méjì fa orí roboto náà, ó sì yọ kúrò nínú ihò rẹ̀ bí ẹní yọ ẹ̀pà nínú èèpo. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Èyí ló gbé ẹ gun Ẹ̀fọ̀n."

Mo jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti Ẹ̀fọ̀n bọ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin, ti sùn lọ. Ó gbé orí ti gíláàsì, ìwé ìlànà ìkọ́ni rẹ̀ wà lórí itan. À ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, rédíò ń kọrin, nǹkan sì ń dún kó, kó, lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bí oríkèé náà bá jáde lọ́jọ́ náà, táyà ọ̀tún á kọ ojú sí ibi tó bá wù ú, kò sì sí ohun tí apá mi ìbá lè ṣe sí i. Àwọn òbí ọmọ mẹ́rin ló fi wọ́n lé kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́. Èmi ni mo yí rédíò sókè.

Àtúnṣe

Iṣẹ́ tó kù kò le. Kí a tó yọ orí táì-ròòdù, Bàbá ti fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé sàmì sára irin, ó sì ní kí n máa ka iye ìgbà tó yí kó tó jáde. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni. Iye yẹn gan-an ni a yí tuntun wọlé, kí ojú táyà má bàa yẹ̀ jù. A dé nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin, a sì fi pínnì tuntun há a. A kò lo pínnì àtijọ́. Síbẹ̀, kíkà kò tó. Ní ọjọ́ Ajé, mo rọra gbé ọkọ̀ lọ sí Adó kí wọ́n fi ẹ̀rọ tún ojú táyà tò, nítorí táyà tí ojú rẹ̀ yẹ̀ a máa jẹ ara rẹ̀ tán láìpẹ́.

Ní ti kíkùn, a pààrọ̀ kílíìpù, a bu ọ́ìlì tó bá ọkọ̀ mu sí i títí dé ojú àmì. Ìdérí ike tàbí ìwé ọkọ̀ ló ń sọ irú ọ́ìlì tó fẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì pupa ló bá gbogbo ọkọ̀ mu. Nígbà tí táyà iwájú ṣì wà lókè tí ẹ́ńjìnnì sì wà ní pípa, ọmọ mi yí sítíárì láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì ní nǹkan bí ogún ìgbà, jẹ́jẹ́, èmi sì ń bu ọ́ìlì kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Atẹ́gùn ń jáde ní fófòó títí kò fi sí mọ́. Nígbà tí a ṣáná sí i, ó dákẹ́ lọ.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nílé: àárín sítíárì ọkọ̀ tó ní báàgì atẹ́gùn. Báàgì náà lè bú jáde mọ́ ni lójú. Bí ìró bá ń wá láti ibẹ̀, tàbí tí ráàkì fúnra rẹ̀ bá ti mì, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin náà síwèé, kí ẹ sì mú un dání lọ. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́, owó pọ́ǹpù ìbá wà lápò mi.

Ní Kíláàsì Kan ní Ẹ̀fọ̀n

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wà nínú kíláàsì kan ní Ẹ̀fọ̀n, mo ń wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó ń kọ́ni. Ọmọ náà gbọ́ iṣẹ́, ohùn rẹ̀ já gaara. Nígbà tó dá ìwé àròkọ padà fún àwọn ọmọ, mo rí ọmọdékùnrin kan tó tẹ orí ba. Pupa ló kún inú ìwé rẹ̀. Mo bi olùkọ́ kékeré náà lẹ́yìn kíláàsì pé kí ni ó ṣe ọmọ yẹn. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, sà. Kò mọ nǹkan kan. Àṣìṣe mẹ́rìnlá ló ní."

Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ìdáhùn rẹ̀: "Ó ń pariwo ni."

Mo ní kí a jọ wo ìwé náà. Ìgbà wo ló ń ṣì í? Ibo ló wà nínú ọ̀rọ̀? Ọmọ náà kọ ulé, ó kọ ugi, ó kọ uṣu, ó kọ uná, ó kọ ùlú. Olùkọ́ kékeré náà wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Sà, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni." Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀ ló kọ sílẹ̀, níbi tí u ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń fi i bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò gọ̀. Ìyípadà rẹ̀ ní òfin, kò sì yẹ òfin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àṣìṣe mẹ́rìnlá náà kò ju oríkèé kan lọ. Bí a bá sọ fún un pé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí a sì yìn ín pé ó gbọ́ èdè ilé rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi pupa sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí di òpin sáà, pọ́ǹpù la ń pààrọ̀.

Olùkọ́ kékeré náà pe ọmọdékùnrin yẹn padà. N kò dúró gbọ́ ohun tó sọ fún un, àmọ́ láti ojú fèrèsé, mo rí i pé ọmọ náà ti gbé orí sókè.

Ìgúnlẹ̀

N kò di mẹkáníìkì, n kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó fi iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ̀ lójoojúmọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wà pẹ̀lú ọmọ ní kíláàsì lójoojúmọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dà á láàmú. Ìgbà wo? Ibo? Kí ló ń mú un pọ̀, kí ló ń mú un dákẹ́? Irú ohùn wo? Ìbéèrè mẹ́rin yìí kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Mo ti tọ́jú orí táì-ròòdù àtijọ́ náà sórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Bí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí ohùn ṣe ń bá ìtumọ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, mo máa ń gbé e kalẹ̀ níwájú wọn, mo máa ń mì í, mo sì máa ń béèrè pé, "Kó ni àbí gbì?" Ní ti rédíò ọkọ̀ mi, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, mo máa ń pa á.